Àmín Tí Mo Ṣe Sí Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lọ yan mọ́tò kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, nítorí pé títí dòní ni mo ṣì ń jìyà rẹ̀ láràárọ̀.

Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: Táyé àti Kẹ́yìndé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àti Ìdòwú tí mo ṣì ń pọ̀n. Ọ̀kadà la fi ń rìn. Lọ́jọ́ kan, sàlẹ́ńsà ọ̀kadà jó Kẹ́yìndé lẹ́sẹ̀. Igbe tí ọmọ náà ké ló mú kí ọkọ mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, a máa ra mọ́tò tòkúnbọ̀.

"Ìwọ lò ń gbé wọn kiri," ó ní. "Ìwọ ni kó o lọ yàn án. Bọ̀ọ̀dá á tẹ̀ lé ẹ."

Bọ̀ọ̀dá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ṣe wẹ́dà. Ó mọ irin dáadáa. Ọmọ gbígbé ni kò mọ̀.

Èmi mọ ohun tí mo fẹ́: kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí n ti ìbejì wọlé, kí n jókòó tì wọ́n, ó parí. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí púpọ̀. Níwájú àgbà, ohùn mi kì í jáde.

Lọ́hùn-ún l'Ókè-Àdó, Alàájì tó ń ta mọ́tò mú wa lọ bá pupa kékeré kan. Wọ́n ti fún un mọ́ àárín mọ́tò méjì mìíràn, iwájú rẹ̀ nìkan là ń rí. Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó mi orí.

"Ẹ́ńjìnnì gidi nìyí. Ìyàwó, ṣó dáa?"

Mo fẹ́ ní kí wọ́n gbé e jáde kí n wo ẹ̀yìn. Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti há mi lọ́fun, orúnkún mi ló máa ń dáhùn. Ní agbo ilé wa, ìyàwó tó bá kúnlẹ̀ tí kò wí nǹkan ti gbà nìyẹn.

Alàájì tẹ́wọ́ àdúà lójú ẹsẹ̀. "Mọ́tò yìí ò ní fẹ̀jẹ̀ wẹ̀."

Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní dáhùn? "Àmín."

"Ẹ ó tún fi gbé ìbejì mìíràn wálé."

Ọkàn mi ní rárá, ẹnu mi ní àmín.

Kí Alàájì tó fọwọ́ pa ojú tán, Bọ̀ọ̀dá ti na owó sí i. Ìgbà tí wọ́n wá gbé mọ́tò jáde ni mo rí i pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Èwo ni tẹ̀yìn? Ṣebí ọmọ ò ní lè ṣí i jábọ́! O ti ṣàmín tán, o wá ń bèèrè?"

Alàájì ní òun ò lè gba àdúà òun padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi wà á gba Bẹẹrẹ. Táyé pariwo lẹ́yìn pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo sọ̀ kalẹ̀ tọmọ tọmọ, mo fa ìjókòó iwájú kó lè tẹ̀, kí Táyé lè rí ibi jáde. Ó há. Ti awakọ̀ kò tiẹ̀ tẹ̀ rárá. Hóònù bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa.

"Ìyá Ìbejì!" onítakisí kan kígbe. "Ṣé ẹ fẹ́ tú u tà ni?"

Táyé ti tọ̀ sára, ó tọ̀ sí Kẹ́yìndé lára. Bùútù tó ṣí sẹ́yìn ìjókòó wọn la gbà fà wọ́n jáde. Bọ̀ọ̀dá, wẹ́dà wa, yẹ ìjókòó náà wò, kò rí i ṣe. Láti ìgbà náà, bùútù ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, ẹ kó wọn sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́wọ́ àdúà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa kan ní òun á gbé wa dé Mápó. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ fún wa. Àwọn ìbejì ò wò ó. Wọ́n lọ tò sídìí bùútù, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé ká gbé àwọn.

"Ẹ wọlé níbí," ọkùnrin náà ní.

Táyé wò ó tìyanutìyanu. "Ibẹ̀ yẹn kọ́ làwọn ọmọdé ń gbà."

Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ń rẹ̀ mí bí mo ti ń rín in.