Ẹjọ́ Àwo Orin Tó Di Ajá

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin lánàá, ibi tí Olóyè Torquil ti ń fọ́nnu lọ́wọ́ ló sì ká a mọ́. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó yí iná ká, kálukú gbé ife tíì lọ́wọ́, a ń gbọ́.

“Gbogbo ẹran tó wà ní erékùṣù yìí ló ní ẹsẹ̀ ìrìnkurìn,” ni Olóyè wí. “Tèmi nìkan ni kò ní. Láti ayé baba ńlá mi, àgùntàn àwa ìdílé MacSorran kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe MacSorran. Kódà bí áńgẹ́lì bá fun kàkàkí, ojú mi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò ná!”

A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí tíì rẹ̀ là ń mu.

Ibẹ̀ ni Murdina, opó Calum, ti ti ilẹ̀kùn wọlé, tòun ti bàtà òjò. Lachlan aládùúgbò rẹ̀ ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, ó di àwo orin kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

“Olóyè, ẹ gbà mí! Ọkùnrin yìí ti kó gbogbo àgùntàn mi lọ!”

“Mi ò kó nǹkan kan,” ni Lachlan dáhùn. “Wọ́n wá kí mi ni.”

“Láti ọjọ́ Ajé?”

“Ṣé kí n wá lé àlejò ni?”

Olóyè gbé ife sílẹ̀. “Lachlan, pa ẹnu dé. Murdina, sọ tìrẹ.”

“Olóyè, oṣù àgbò la wà yìí. Mo yá àgbò kan wá láti òdìkejì omi, àgbò tó rẹwà bí ọkọ ìyàwó. Mo dà á sáàárín àwọn abo. Kò tíì kí wọn tán tí ọkùnrin yìí fi wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi mi, tó tan orin fíìmù, tó yí i sókè rekete. Gbogbo abo fo odi, wọ́n tẹ̀ lé e! Ó ku àgbò nìkan lórí pápá, ó ń wo ojú ọ̀run. Bí wọn ò bá gbé pọ̀ lóṣù yìí, mi ò ní rí ọmọ àgùntàn kankan nígbà ìrúwé. Bí mi ò bá rí i, mi ò lè dúró lórí ilẹ̀ Calum mọ́ nìyẹn. Ilé ọmọ mi ní Glasgow ló kù, nínú yàrá tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí. Ohun tí mo wá tọrọ ò pọ̀. Ẹ bá mi gba àwo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.”

Àánú rẹ̀ ṣe wá. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé tíì fún un.

“Olóyè,” ni Lachlan wí, “wọn kì í gba ajá lọ́wọ́ darandaran.”

“Ta ló sọ̀rọ̀ ajá níbí?”

“Èmi ni. Àwo yìí ni ajá mi.”

Ó gbé àwo sókè kí gbogbo wa lè rí i.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Moss ajá mi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orúnkún mi méjèèjì sì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò bá mi gun òkè lọ kó ẹran? Mo bá dé ilé epo tó wà ní èbúté, mo rí àwo yìí, wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: *Orin Fíìmù Tí Gbogbo Ayé Mọ̀*. Mo tì í bọ ẹ̀rọ inú ọkọ̀. Orin ogun bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí, gbogbo ẹran mi ti tò sẹ́yìn mi bí ọmọ ogun! Ó kan orin àwọn olólùfẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n dùbúlẹ̀. Ó kan orin ìparí, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé sinimá káàkiri bá wá sí erékùṣù. Moss tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ajá ni, Olóyè. Kò kàn ń gbó ni.”

“Kí ló ń jẹ?”

“Bátìrì.”

Olóyè ní kí ẹlẹ́rìí wá. Ewen apínlẹ́tà ló kọ́kọ́ jáde.

“Ojú mi ló ṣe. Orin ogun ló ń kọ. Wọ́n tò ní méjì-méjì, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́ kí mi bí ṣọ́jà.”

“Irọ́ funfun!” Ìyá àgbà Effie ti dìde, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo dúró sí. Orin ìfẹ́ ni. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń sunkún.”

“Mọ́mì, òjò ló ń rọ̀ sí wọn lójú.”

“Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi lórin? Ìwọ tó ń hanrun mọ́ dùùrù mi lọ́jọ́ Ìsinmi! Olóyè, ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Àwo yẹn kì í ṣe ojúlówó. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ wẹẹrẹ. Kì í ṣe àwọn tó ṣe orin yẹn nínú fíìmù ló ṣe é síbẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin kan tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn rí ló jókòó sínú yàrá kan, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ni!”

“Àgùntàn wo ló bi mí ní ìwé ẹ̀rí?” Lachlan ti gbaná jẹ.

“Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ! O tàn wọ́n jẹ. Ká ní wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà ni, wọn ò ní fo odi.”

“Mọ́mì, èmi ò mọ̀ pé àgùntàn ń ka lẹ́tà wẹẹrẹ,” ni Ewen wí.

Effie bọ́ bàtà kan. A bẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ padà.

“Ó tó!” ni Olóyè wí. “Lachlan, lọ wa ọkọ̀ rẹ láti ẹnu géètì wá síbí, pẹ̀lú orin. Ẹran mi ló wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Ẹ máa wò ó, ẹ ó rí bí ẹran ọmọlúàbí ṣe ń ṣe.”

A jáde sábẹ́ àtíbàbà. Lachlan wọlé bọ̀, kàkàkí ń ké, ìlù ń dún bí àrá. Àwọn ẹran ọmọlúàbí gbórí sókè. Wọn ò wo ojú Olóyè. Wọ́n fo odi lẹ́ẹ̀kan náà, àgbò àgbà tí Olóyè sọ lórúkọ baba ńlá rẹ̀ ló sì ṣíwájú.

“Ta ló ṣí géètì pápá mi?”

“Olóyè, géètì wà ní títì,” ni Ewen dáhùn. “Ẹran ni ò sí níbẹ̀ mọ́.”

Ojú Olóyè pọ́n bí edé sísè. Ó padà sórí àga, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó dùn ju oyin lọ.

“Lachlan ọ̀rẹ́ mi, kí lo ní nǹkan yìí jẹ́?”

“Ajá ni, Olóyè.”

“O lè búra?”

“Mo fi orúnkún mi búra!”

“Ó dáa. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ajá tó bá ń da àgùntàn ẹlòmíràn láàmú, kí ni òfin wí?”

Ọmọdé mọ èyí ní erékùṣù wa. “Ìbọn ni!” la dáhùn.

Lachlan fò dìde bí ẹni tí kò lórúnkún tó ń dùn ún. “Olóyè! Àwo ni! Àwo orin lásán!”

“Bí ó bá jẹ́ àwo, o búra èké nínú ààfin, ìwọ ni ìbọn kàn. Bí ó bá jẹ́ ajá, òun ni. Èwo ni?”

Lachlan wo ìbọn Olóyè lára ògiri, ó wo àwo tó tún ti dì mọ́ àyà.

“Ajá ni,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹnu òrófó ní í pa òrófó. Ẹ so ajá yìí mọ́ òpó, kí a yìnbọn pa á, kí a sì sin ín bí a ti ń sin ajá, pẹ̀lú omijé níwọ̀nba.”

Murdina ló figbe ta. “Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ kó kọ ti àwọn olólùfẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ti ń dún láti ọ̀dọ̀ Lachlan ni mo fi ń fọ abọ́ láti ìgbà tí Calum ti lọ.”

“Murdina! Ṣebí ìwọ lo pè é lẹ́jọ́?”

“Ìwà rẹ̀ ni mo pè lẹ́jọ́, Olóyè. Mi ò pe ohùn rẹ̀.”

Wọ́n tan án nínú ọkọ̀ Lachlan. Gbogbo wa dúró nínú òjò, ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnìkejì. Effie nu ojú. “Fún ẹ̀dà,” ni ó wí, “wọ́n gbìyànjú.”

Wọ́n wá so àwo mọ́ òpó, Olóyè fúnra rẹ̀ sì gbé ìbọn. Ọta àkọ́kọ́ gbé àkùkọ irin tó ń tọ́ka afẹ́fẹ́ lórí ilé ẹṣin lọ. Ìkejì bá àwo. Ó fọ́ yángá-yángá sórí koríko, ó ń dán bí yìnyín. A ṣí fìlà.

 Lachlan wọnú ọkọ̀, ó rọra ń wà á lọ sí ọ̀nà géètì, láìsí orin, láìsí fèrè.

Gbogbo àgùntàn Olóyè yí padà, wọ́n tò, wọ́n tẹ̀ lé e.

 Olóyè ṣì gbé ìbọn dání. “Kí ló ń kọ báyìí?”

“Kò kọ nǹkan kan, Olóyè.”

Murdina sáré bá ọkọ̀ náà tòun ti bàtà òjò. Ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa nǹkan kan nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Àpò oúnjẹ ẹran ti lu lẹ́yìn ọkọ̀ yìí,” ni ó wí.