Máàbù Abẹ́ Sùtánà

Bí ẹ bá rí Olúlékè bíríkìlà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí kòtò máàbù, ẹ ó rò pé àdúrà ló ń gbà. Ọkùnrin tó ga bí òpó iná, tí irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń bá jà lórí pé ta ló kọ́kọ́ ta wọlé.

Kì í ṣe títa nìkan o, ó tún ń kó wọn jọ. Agolo mílíìkì ńlá kan kún dẹ́nu lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: aláwọ̀ ewé, olójú ológbò, irin roboto tí mẹkáníìkì yọ fún un lára lọ́rì kòkó. Ó tiẹ̀ ní ẹkùrọ́ dídán tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ń ta kí gíláàsì tó dé Ìdànrè. Pupa ńlá kan wà níbẹ̀ tó sọ ní Ọ̀gá.

Ọdún ìdìbò '79 ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Olúlékè fẹ́ fẹ́ Mojọlá, ìyá Mojọlá ní láéláé.

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ ọmọdé onírùngbọ̀n."

Olúlékè bẹ̀ ẹ́ títí, ó búra pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Màmá ní ó dáa, kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday kí wọ́n gbàdúrà fún àwọn méjèèjì níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ rán èèyàn lọ tú yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó yẹ kó kó wọn dànù lóòótọ́, àbí? Kò lè ṣe é. Ó dà wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí lábẹ́ sùtánà, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa.

Ìbọ̀sẹ̀ bíríkìlà! Èyí tí sìmẹ́ńtì ti jẹ tán.

Ẹ̀rín ń pa mí.

Èmi ni mo ń lu agogo lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọlé. Olúlékè yìí kan náà ló rẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó dán débi pé eṣinṣin ń yọ̀ lórí rẹ̀. Wòlíì Ọlọ́runṣògo pe ọkọ ìyàwó síwájú, akọrin gbé orin, Olúlékè fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fàààà! Ìbọ̀sẹ̀ ya.

Tàràràràrà!

Orin bò ó mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Bàbá Ọlọ́runyọmí tó gbé igbá ọrẹ ló kọ́kọ́ tẹ máàbù. Gbìì! Akọrin méjì tẹ̀ lé e. Àwọn tó fẹ́ gbé wọn dìde náà lọ sílẹ̀. Wòlíì nawọ́ sókè, ó ní iná Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀. Ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ níwájú kí iná náà má baà tán kó tó kàn wọ́n. Ẹni bá ti dé, ó di ilẹ̀. Olúlékè nìkan ló dúró, òógùn bò ó, ó ń gbàdúrà tọkàntọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ìyá Mojọlá wá bọ́ síwájú. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń wá oyè Ìyá Ìjọ, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí ò gbé e ṣubú rí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ẹsẹ̀ méjèèjì gba òkè lọ!

GBÙÙÙÀ!

Ṣọ́ọ̀ṣì mì. Ibi tó ṣubú sí náà ni Wòlíì ti da òróró sí i lórí, tó fi í jẹ Ìyá Ìjọ.

Mo rí i pé ó di nǹkan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ nígbà tó dìde. Lẹ́yìn ìsìn, ó pe Olúlékè sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ̀ lé wọn, mo lúgọ síbi ògiri. Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe nílé? Màmá la ọwọ́. Ọ̀gá ló wà níbẹ̀, ó ń kọ mànà.

"Kí lèyí?"

Olúlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí Màmá ṣàánú òun, lónìí náà ni òun yóò kó gbogbo wọn jù sí odò Ọ̀wẹnà.

"Ta ló ní kó o jù wọ́n nù?" Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Lọ ṣà wọ́n kí wọ́n pé. Wọ́n ní èmi ni mo máa ṣíwájú àdúrà ní ìsọjí ìlú Aládé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì fẹ̀ ju tiwa lọ. Tó o bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, lọ ra kún un."