Ìkòkò Àlàájà Jóná

Ruth ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì ní yunifásítì kan l'Ẹ́dẹ. Ó yá ìkòkò irin lọ́wọ́ Àlàájà Sìmbíátù, onílé rẹ̀, ó fi se ẹ̀wà, oorun sì gbé e lọ. Kó tó jí, ẹ̀wà ti di èédú. Ó wá da bekin-sódà sí ìdí ìkòkò, ó ń ṣí ìgò fínígà lọ́wọ́ ni Àlàájà yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Rúùtù, ìkòkò mi dà?"

"Ẹ káàsán, Àlàájà. Ó… ó ń gba ìtọ́jú ni."

Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Láìláà! Kí ni ìyẹ̀fun yìí?"

"Sódà ni, mà."

"Sódà! Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tó ń bó èèyàn lára? O fẹ́ dá ìkòkò mi lu?"

"Rárá, mà, èyí tí wọ́n ń fi sí kéèkì ni. Fínígà ni màá dà lé e, èédú náà á sì ṣí. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò, ó kan."

"Ta ló kàn?"

"Kò kan ẹnikẹ́ni, mà. Mo ní ó kan."

"Ó kán? Síbo? Ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù!"

Ruth rí i pé àlàyé ò ní parí. Ó da fínígà sí i. *Ṣááá!* Ìfófòó funfun ru dé etí ìkòkò. Àlàájà fò sẹ́yìn.

"Ó ń hó! Iná dà?"

"Kò síná níbẹ̀, mà. Afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Sódà àti ohun tó bá kan kì í pàdé kí wọ́n má jà."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó máa yọ́ lásán ni. Ṣúgà náà, bẹ́ẹ̀ ni. Èlùbọ́ á kàn rin ṣìnkìn."

"Kán-ún ńkọ́?"

Wọn ò dárúkọ kán-ún fún Ruth ní kíláàsì rí. "Kán-ún… kò lè hó, mà."

Àlàájà fọ́ kán-ún sínú ife, ó ta fínígà sí i. *Ṣááá!*

"Ẹ̀gbọ́n sódà rèé," ló wí.

Ojú ti Ruth. "Omi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò fínígà ńkọ́, á ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Omidùn ògì pàápàá, tó bá ti kan dáadáa."

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ìfófòó ti lọ sílẹ̀. Ruth fi kànìnkànìn họ ìkòkò títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó ṣì dúdú síbẹ̀.

"Wọ́n ti jà tán," ni Àlàájà wí. "Wọ́n ti pa ara wọn. Omi tí ò lágbára ló kù níbẹ̀. Dà á nù."

Ruth dà á nù. Àlàájà bu omi àti kán-ún sí ìkòkò, ó gbé e ka iná gáàsì. Kò pẹ́ tó ń hó ni èédú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Ruth kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ ṣé gan-an, Àlàájà. Ta ló kọ́ yín ní kẹ́místrì?"

"Àwọn ayálégbé tó ti jó ìkòkò mi. Ìwọ lo ṣìkarùn-ún."