Bí Ọdẹ́yalé Àkàndé Ṣe Ti Ọkọ̀ Padà Sínú Ẹrẹ̀

Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ẹ jókòó! Ọdẹ́yalé Àkàndé ni mo fẹ́ kí, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá tó fi èjìká gbé ògiri dúró títí òjò fi dá, ọmọ-ọmọ Láníyọnu tó fa màlúù yọ nínú kòtò, tí màlúù náà ò sì kí i kú iṣẹ́. Àyà bí àpáta, apá bí ìrókò, àtẹ́lẹsẹ̀ tí ń dẹ́rù ba ẹrẹ̀!

Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmílà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ló wá wo bí abúlé wa, Ìdí-Òro, ṣe ń tẹ̀ síwájú. Abúlé tó bá tẹ̀ síwájú jù ni wọn yóò ṣe afárá fún, odò wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyàwó Ọdẹ́yalé lọ rí. Iṣẹ́ tí a bá sanwó fún nìkan ni ọ̀gá ń kà. A fi ilé tuntun Ìyá Àṣàbí hàn án.

"Èló lẹ san fún àwọn tó kọ́ ọ?"

Ìyá Àṣàbí ní, "Àárò ni, sà. Wọ́n bá mi kọ́lé, èmi náà á bá wọn roko."

"Kò síṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn."

A fi ọ̀nà tí a fọwọ́ ara wa là hàn án. Ó ní òfo ni. Ó wọ ọkọ̀, ó kọrí sí Òkè-Ọ̀sán, abúlé òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń gbowó kí wọ́n tó báni sọ ẹrù kalẹ̀.

Etídò ni ẹrẹ̀ ti gbé ọkọ̀ náà mì dé ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni Àkàndé ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ẹni ń dé adé, ó ké bí ìjì, ẹgbẹ́ àárò tú jáde, ó fi àyà ti ìdí ọkọ̀, ilẹ̀ mì, ẹyẹ sá, ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́, ọkọ̀ sì jáde!

"Èló lowó yín?" ni ọ̀gá bi í.

"Àárò ni, sà."

"Ẹ ṣeun o."

"Ẹ dúró ná, sà. Ṣé iṣẹ́ tí a ò gbowó lé, iṣẹ́ kọ́?"

"Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

"A jẹ́ pé ọkọ̀ yín ò tíì jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká tì í padà síbi tó wà!"

A sì tì í padà, jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tòun tọ̀gá tó ń tẹ fèrè nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹrẹ̀ kan orúnkún rẹ̀, ó figbe ta: "Iṣẹ́ ni! Ilé ìyá yẹn, iṣẹ́ ni! Ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ gidi ni!"

"Ti ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

"Iṣẹ́ méjì ni! Ẹ tì í jáde, ẹ tún tì í wọlé!"

Nítorí náà, kí ilẹ̀ gbọ́, kí odò tí a ti ń rìn kọjá lórí afárá báyìí náà gbọ́: Àkàndé ti ṣẹ́gun! Ọ̀gbẹ́ni Fágbàmílà sì jẹ wá ní àárò mẹ́ta, torí a tún tì í jáde. Oko iṣu Ọdẹ́yalé ni, lọ́jọ́ Sátidé. Kó mú ọkọ́ tirẹ̀ dání.