Awò, Àwo àti Agbe

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì kúnlẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà rẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò. Ó dojú kọ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, níbi tí pẹpẹ tó fi ń bọ́ àwọn ẹyẹ wà ní àgbàlá. Ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìtòsí, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn àlejò abìyẹ́.

"Màmá, ẹ má mira o. Agbe ti bà sórí ẹ̀ka."

"Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ aláwòrán ẹyẹ rẹ sọ pé kì í ṣe agbe, pé àdàbà tó já sínú aró ni?"

"Òun gan-an, mà. Bí n kò bá mú àwòrán rẹ̀ dé ìpàdé ìrọ̀lẹ́ yìí, òpùrọ́ ni orúkọ mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá. "N kò jẹ́ rán yín níṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ bá mi mú awò gígùn yẹn."

Ìyá gba ilé ìdáná lọ. Ó gbé àwo bọ̀.

"Èyí tí mo fi ń gbé ẹja kalẹ̀ ló gùn jù."

"Awò ni mo wí, mà!"

"Kí wá ni mo gbé dání, ìkòkò?"

"Kì í ṣe ti oúnjẹ. Awò!"

"Awó? Agbe ti tún di awó? Ọkọ ọmọ mi, mú ẹyẹ kan!"

"Ohun tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán, mà. Ó wà lórí tábìlì."

"Ṣé bí ìwọ lo fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn? Òun lo wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí, tí ohùn kankan kò sí lórí rẹ̀."

"Bí mo bá fi ohùn sí i, ẹyẹ á lọ."

Ìyá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó sì na awò sí i. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é mọ́ kámẹ́rà ni agbe balẹ̀ gẹ̀ẹ̀ sínú àwo. Ó ti súnmọ́ jù. Ọ̀gá tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó wọ́ sẹ́yìn, ó kọlu orúnkún Ìyá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ sún sẹ́yìn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sun ẹyin kẹ̀!" Ìyá figbe ta. "Ẹyẹ tí kò tíì jẹun tán!"

Fìrì! Agbe ti lọ, tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀gá wo àwòrán kan ṣoṣo tó yà.

"Mo gbé! Aró nìkan ló wà níbí. Àdàbà gan-an kò sí nínú rẹ̀!"

"Ẹjọ́ ta ni?" Ìyá gbé àwo rẹ̀. "Ta ni yóò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sun ẹyin òun, tí yóò dúró ya fọ́tò?"