Akéwì Tó Kó Ewì

Bí ẹ bá béèrè akéwì ní Òkìtìpupa lọ́dún 1999, wọ́n á ní wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Tíṣà Oyèkànmí lẹ bi, òun nìkan ṣoṣo ni. Oyèkànmí gàgàrà, arẹ́rìn-ín-fún-dígí, adúró-bí-ẹni-tí-wọ́n-fẹ́-yà-ní-fọ́tò. Kì í wọ kíláàsì kó má kọ́kọ́ wúkọ́, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ohùn ń bọ̀. Ewì tirẹ̀ gan-an kò ju méjì lọ, ara rẹ̀ ló sì fi méjèèjì yìn.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kọ ewì ní tiwọn. Ayọ̀kúnlé ń gun ọ̀pẹ ní Àyèká, orí ọ̀pẹ ló sì ti ń ronú ohun tí yóò kọ. Dora jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkọ̀yà, ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá sùn ló ń kọ tirẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa kà fún ara wọn. Oyèkànmí ni alága wọn. Bí ẹlòmíràn bá ń kà, fìlà rẹ̀ ni yóò máa tún ṣe, títí yóò fi kan òun láti sọ̀rọ̀.

Nígbà ọdún Àjíǹde, ó lọ sí Èkó lọ́dọ̀ Lérè àbúrò rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Lérè fi íńtánẹ́ẹ̀tì hàn án. Ó ní ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ ní Èkó, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á máa kà á. Ohun tí Oyèkànmí kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n á lè rí fọ́tò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó padà délé, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun kó ewì wọn wá. Lérè yóò ṣe ojúlé kan fún wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ewì yóò wà níbẹ̀ láìsí òjò tí yóò pa á, láìsí ikán tí yóò jẹ ẹ́, orúkọ kálukú yóò sì wà lábẹ́ tirẹ̀. Inú wọn dùn gan-an, ti Dora ló sì pọ̀ jù. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá ọmọ kó tó bí Ìtẹ́olúwa. Susan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bá a sunkún, ó bá a gbàdúrà lórí fóònù ní gbogbo ìgbà náà, kò sì tíì fojú kan ọmọ. Dora ti kọ ewì fún ọmọ náà. Ó ṣàlàyé fún Oyèkànmí pé ibẹ̀ ni Susan yóò ti kà á, omi sì lé ró sí i lójú bó ti ń sọ ọ́. Oyèkànmí ní òun ti gbọ́. Fìlà tí yóò dé ya fọ́tò ló ń rò.

Kò ṣí ìkankan wò nínú ewì náà kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Lérè. Nígbà tó yá, Lérè pè é sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ti ń gba fóònù. Ó ní ojúlé ti wà nílẹ̀, fọ́tò ti wà lókè, orúkọ àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀.

“Orúkọ wọn ń dí fọ́tò mi lọ́wọ́,” ni Oyèkànmí wí. “Yọ wọ́n.”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n wá sọ pé ó kọ ewì wọ̀nyí?”

“Sọ pé èmi ni. Ṣé èmi kọ́ ni mo kó wọn jọ ni? Láàárín kó àti kọ, àmì kékeré ló wà níbẹ̀.”

Lérè yọ wọ́n. Ẹ̀rí ọkàn gún Oyèkànmí díẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kó tó délé, ó ti dá ara rẹ̀ láre pé láìsí òun, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ wọn rárá.

Ó wá pe ìlú wá wo ojúlé náà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn wá láti Ìlútítun pàápàá. Olóyè Ọdúnlámì, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó sípò alága ọjọ́ náà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé Òkìtìpupa, nítorí náà Lérè ti fi ojúlé ránṣẹ́ nínú díìsìkì, wọ́n sì yá kọ̀ǹpútà kan àti jẹnẹrétọ̀. Dora jókòó sí iwájú, Ìtẹ́olúwa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ojúlé ṣí. Fọ́tò Oyèkànmí gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ló kọ gbogbo ewì tó wà níbẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rí i, wọ́n wo ara wọn. Ayọ̀kúnlé dìde, ó tún jókòó. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí wọ́n kà á fún àwọn.

Oyèkànmí wúkọ́. Ó yan èyí tó kọ́kọ́ rí, ó gbé ohùn sókè:

“Mo so igbà mọ́ ọ̀pẹ, mo gòkè lọ lówùúrọ̀,
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti le bí èèpo igi.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé-ìwé pàápàá máa ń mú Tíṣà mí hẹlẹ. Ó yára fò ó, ó bọ́ sórí òmíràn, ó sì fi gbogbo ọ̀fun kà á. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ:

“Mo gbé ọ kiri títí ẹsẹ̀ mi fi wú,
Lọ́jọ́ tí mo rọbí rẹ, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.
Mo ti di ìyá, ọmọ mi, wá mu ọmú.”

Gbọ̀ngàn dà rú. Àwọn kan ń di ìhà mú. Olóyè Ọdúnlámì dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

“Tíṣà, ìgbà wo lẹ bímọ tí a ò gbọ́?”

Oyèkànmí nu ojú. Ó ní akéwì lè fi ara rẹ̀ sípò ẹnikẹ́ni, títí kan aboyún.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Olóyè wí. “Ẹ ka ìlà tó kù fún wa.”

Oyèkànmí wo ìlà náà. Ó wúkọ́, ohùn kò bọ̀. Olóyè tẹ̀ síwájú, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀:

“Ìtẹ́olúwa, ọmọ Dora, ilé rẹ rèé.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dora dìde, ó tún ọ̀já ọmọ gbà. Kò pariwo. “Ẹ sọ fún Lérè kó dá orúkọ gbogbo wa padà,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi ń wá tèmi.” Lẹ́yìn náà ló ka ewì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìwo kọ̀ǹpútà, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn sì ń fi ìborùn nu ojú.

Oyèkànmí gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan ti sọ ọ́ di Oyúnkànmí. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ewu ọmọ.”

Ìkíni ti mọ́ Oyèkànmí lára jù. Ó ti dáhùn pé “Ẹ ṣeun” kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n kí i.