Ẹni Tó Bá Jù Mí Lọ Ni Kó Bi Mí

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n: Alhaji Saubana kì í jókòó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àga.

Kì í ṣe ìdun ló ń wá. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni. Eré òyìnbó London kan ló kó bá a, nípa àwọn ọlọ́pàá tó ń para dà láti mú ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ rìbá. Ó wò ó tán, ó tún un wò, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti jẹ́ supervisor ní Forest Park, lẹ́bàá Atlanta, bí forklift tó ń gbẹ́rù bá ré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á fún ojú pọ̀, á ní, "Hmm. Interesting." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ọbẹ̀ ti tán, á tẹ fóònù: "Tún un sọ fún tape."

Òun náà ló fún ara rẹ̀ ní oríkì: Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Àgbà, Agbóòórùn-irọ́-láti-Hampton, Ojú-kan-tó-ju-igba-kámẹ́rà-lọ.

Nínú gbogbo òfin inú eré náà, ọ̀kan ló dùn mọ́ ọn jù: ẹni tó kéré kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀gá lẹ́nu wò. Ẹni tó bá ju ọ̀gá lọ nípò ló lè bi ọ̀gá. Ní mọ́ṣáláṣí wọn, kò sì sí ipò tó ju ọjọ́ orí lọ. Láti ọjọ́ tí Alhaji ti kó dé Atlanta ló ti kéde pé òun ti pé àádọ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi dáì dúdú kun irùngbọ̀n. Dáì funfun ni Alhaji ń rà. Ìmáàmù Abdussalam pàápàá, tó ti pé ọgọ́ta, "ẹ" ló ń pè é.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti Alhaji ni pé àgbà kì í wà nídìí firísà kí ẹran ó pẹ́ níbẹ̀.

Iléyá dé. Wọ́n pa àgbò ní oko kan ní Hampton, wọ́n kó ìpín àwọn aláìní sínú firísà mọ́ṣáláṣí. Láàárọ̀ Sátidé, Sururat tó ń mójú tó ilé ìdáná ṣí firísà, ó pariwo. Ó sọ ọ́ sí ìmáàmù létí pé itan àgbò méjì ti lọ. Ìmáàmù fi sí orí WhatsApp pé "ẹran" sọnù, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹnu ti gbà pé Sururat ló jẹ ẹran aláìní.

Kí inú má baà máa yun ẹnikẹ́ni: ẹran náà wà nínú firísà Alhaji Saubana, ní gáréèjì rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀fọ́ dídì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì ti firísà mọ́ṣáláṣí wà. Àgbà ni.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Àílà, Alhaji gbé tábìlì sí àárín gbọ̀ngàn ìjẹun. Ó wo abẹ́ àga, ó jókòó, ó gbé fóònù kalẹ̀. Nínú eré náà, ẹ̀rọ máa ń dún gbọọrọ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù Alhaji kì í dún bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dún un.

"Píììììììì. Sururat. For the tape, ìwọ ni?"

"Alhaji, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo bu ìrẹsì fún yín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ìrẹsì. Níbo lo kó itan àgbò méjèèjì sí?"

Ojú Sururat pọ́n. Ó ti pẹ́ nídìí ìkòkò mọ́ṣáláṣí yìí, ẹnikẹ́ni ò pè é lólè rí. Bó bá jáde níbẹ̀ bí olè, ojú wo ló fẹ́ fi wo èèyàn ní Atlanta mọ́?

"Alhaji, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Ta ló máa bi ẹ̀yin?"

Alhaji rín ẹ̀rín London. "Ẹni tó bá jù mí lọ ni kó bi mí. Òfin ni. Ta ló jù mí lọ níbí? Kó dìde!"



Àga kan ké lẹ́yìn. Alhaja Modinat ni, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé sí Loganville nítòsí láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Saubana!"

Kò sí Alhaji níwájú orúkọ náà. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ Bàbá Ahunṣọ, àádọ́rin ọdún kẹ̀? Ṣé o ti bí ara ẹ kí ìyá ẹ tó délé ọkọ ni? Mo pé mẹ́rìndínláàádọ́rin lóṣù tó kọjá. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n bí ẹ. Mo pọ̀n ẹ́, o sì tọ̀ sí mi lẹ́yìn lọ́jọ́ Iléyá!"

Kí ọpọlọ Alhaji tó gbọ́, àyà rẹ̀ ti gbọ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà." Ibi tó nà sí, ó ń rí abẹ́ gbogbo àga gbọ̀ngàn náà pátá.

"Má tíì dìde. Ṣé mo jù ẹ́ lọ àbí n ò jù ẹ́ lọ?"

"Ẹ jù mí lọ, mà."

"Ẹran ni mo kà lórí WhatsApp. Ìwọ lo ní itan méjì. Ta ló sọ itan fún ẹ?"

"Etí ìmáàmù nìkan ni mo sọ ọ́ sí," Sururat wí.

Ìmáàmù mi orí. "Mi ò sì sọ fún ẹnì kankan."

Alhaji rántí ohun tí wọ́n máa ń wí nínú eré náà bí ọ̀rọ̀ bá há. Ó fi imú sọ ọ́ láti ilẹ̀: "No comment."

"Ta ló ń jẹ́ Comment? Ṣé òun lẹ jọ gbé e?"

Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Ìyàwó Alhaji dìde. Èyí tó ti bá tape sọ nínú ilé ti tó o. Ó yọ rìmóòtù gáréèjì nínú báàgì, ó fi lé Sururat lọ́wọ́.

Sururat wo rìmóòtù, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀.

"Píììììììì," ló wí.

"Saubana, dìde," ni Ìmáàmù Abdussalam wí. "Ìwọ lo máa gbé ẹran náà padà wá." Bí "ẹ" ṣe lọ nìyẹn, tí "o" dé. Àwọn ọ̀dọ́ ò tilẹ̀ fi mọ níbẹ̀: Ọ̀tẹlẹ̀mẹ́ran ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ó tún wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ní ṣóńṣó, ó dúdú ní ìdí. Ó dé ìdí àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń wá: ẹran ni àbí ọdún mẹ́rìndínlógún tó sọnù?